Nígbà tí wọ́n mú iná, ọmọ mi mí kanlẹ̀

Òkun o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi láti bí oṣù mẹ́rin, ó sì ti ń wúwo jù fún mi láti dá gbé, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ bá mi kà á.

Ọjọ́ Tọ́sìdeè kan ni, nǹkan bíi aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, níbí ní Kàbbà. Ọmọ mi obìnrin, àkọ́bí mi, ọmọ ọdún 11, ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó sídìí kíbọ́ọ̀dù rẹ̀, ó ti ṣí ìwé orin, ó ti gbé ọwọ́ méjèèjì lé e, ni wọ́n bá mú iná. Èmi wà ní kíṣìnnì, mò ń ṣa ẹ̀fọ́. Mo gbọ́ tí ọmọ yẹn mí kanlẹ̀, bí ẹni tó ru omi bọ̀ láti odò tó wá ríbi sọ ọ́ kalẹ̀. Mo ní ṣé kí bàbá ẹ tan jẹ́ń fún ẹ ni, kíá ló dá mi lóhùn, ó ní, "Ẹ má ṣèyọnu, Mọ́mì, epo ti wọ́n jù." Epo wọ́n lóòótọ́, ta ni ò mọ̀, ohun tí à ń rà ní ₦200 ó dín díẹ̀ kó tó di ìparí oṣù karùn-ún 2023, tó fò kọjá ₦500 lójú ẹsẹ̀, tó tún wá kọjá ₦1,000 lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Àmọ́ kì í ṣe epo ló wà nínú ohùn ọmọ yẹn. Ìtura ni. Ọmọ mi ń dúpẹ́ pé wọ́n mú iná.

Mo dúró síbẹ̀, ẹ̀fọ́ lọ́wọ́ mi, n ò lè ṣe nǹkankan fún bí ìṣẹ́jú mélòó kan.

Ẹ gbọ́ ohun tó jẹ́ kó dùn mí tó bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ Àìkú tó ṣáájú ọjọ́ yẹn gan-an, lẹ́yìn ìsìn, ìyá kan wá bá mi ní ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní ìyá ọmọ, báwo lẹ ṣe ń ṣe é tí ọmọ yín fi ń jókòó ti orin báyìí, tèmi ò gbà láti jókòó ti nǹkankan. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní, "Òun ló yàn án fúnra ẹ̀ o, a ò fipá mú un rárá." Mi ò parọ́ fún un. Ohun tí mo gbà gbọ́ nìyẹn, mo tilẹ̀ máa ń sọ ọ́ kí n tó jẹ́ kẹ́nikẹ́ni bi mí.

Ó pé ọmọ ọdún márùn-ún nígbà tó kọ́kọ́ gun àga ẹni tó ń lu kíbọ́ọ̀dù ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, gbogbo èèyàn ti ń lọ sílé, ó tẹ̀ ẹ́, ó dún, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Nígbà tó fi máa tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ó ti ń fi ìka kan ṣoṣo wá ohùn orin tó mọ̀, àwọn ìyá ìjọ ti yí i ká, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, èmi náà dúró láàárín wọn orí mi ń wú. A ra kíbọ́ọ̀dù tokunbọ̀ ní Lọ́kọ́ja kí ọdún yẹn tó parí. A wá tíṣà. Tíṣà ní ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ò lè tó, ó di Túsìdeè àti Tọ́sìdeè, ó tún di Sátidé mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà wọ́n fi orúkọ ẹ̀ sínú kwáyà àwọn ọmọdé, lẹ́yìn náà ìdíje. Tí mo bá to gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ báyìí tí mo wò ó dáadáa, nǹkan kan ṣoṣo lọ́mọ yìí yàn nínú ẹ̀: ó yàn láti tẹ nǹkan tó ń dún. Ìyókù pátá, àwa la yàn án, a wá gbé e lé e lórí pé òun ló yàn án.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fúnra wa nípa bí a ṣe ń tọ́ ọmọ nílẹ̀ wa. Láti ìgbà tí ọmọ bá ti mọ ìkúnlẹ̀ la ti ń kọ́ ọ pé bẹ́ẹ̀ ni lẹnu ọmọ ń dá àgbà lóhùn. Ọmọ tó bá ní òun ò ṣe, a ní ó ń dágunlá, a ní ojú ẹ̀ ti là jù, a ní ta ló kọ́ ọ. Ọmọ ọdún 11 tí a ti kọ́ báyìí, a wá pè é síwájú, àwa méjì, bàbá ẹ̀ àti ìyá ẹ̀, a bi í pé ṣé ó wù ẹ́ láti máa bá a lọ, kí lẹ fẹ́ kó sọ? Ó máa ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Àwa náà á gba bẹ́ẹ̀ ni yẹn, a ó máa gbé e kiri bí ẹni pé ìwé ẹ̀rí ni.

Yàtọ̀ sí ẹ̀rù, ìfẹ́ tún ń dí ọmọ lẹ́nu, bóyá ìfẹ́ tilẹ̀ le jù. Ojú lọ̀rọ̀ wà, àwọn ọmọ sì mọ ojú wa kà ju bí a ṣe rò lọ. Ọmọ mi mọ bí ojú mi ṣe máa ń rí tó bá wà nídìí orin. Ó mọ̀ pé lọ́jọ́ tí owó ò sí, lọ́jọ́ tí wọ́n dá owó oṣù wa dúró, lọ́jọ́ tí èmi àti bàbá ẹ̀ ò bára wa sọ̀rọ̀, òun lè jókòó sídìí kíbọ́ọ̀dù kí ojú mi là. Ta ni nínú yín tó máa wà lọ́mọdé tó máa ní irú agbára yẹn lọ́wọ́ tó máa sọ ọ́ nù? Mo ti ń ronú sí i pé bóyá ohun tí ọmọ yìí ń ṣe láti ọdún mẹ́fà yẹn kì í ṣe orin. Èmi ló ń tọ́jú.

Ara ẹ̀ sì ti sọ fún mi tipẹ́, mi ò gbọ́ ni. Ìgbà àkọ́kọ́ tí a gbé e lọ sí ìdíje ní Lọ́kọ́ja, a gba ọ̀nà Obajana, ọ̀nà kọnkéré tí wọ́n ṣe láti ibẹ̀ wá sí Kàbbà, kìlómítà 43, ọ̀nà tó tẹ́jú pẹrẹsẹ. Kó tó di pé a dé Obajana ọmọ ti bì sára aṣọ funfun tí mo rán fún un. Mo ní mọ́tò ló yí i lórí. Ìgbà kejì, ibẹ̀ náà ló tún ti bì, mo ra oògùn mọ́tò fún un. Bẹ́ẹ̀, tí a bá ń lọ sọ́dọ̀ ìyá mi ní Bùnú, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ọ̀nà yẹn ẹ mọ̀ ọ́n, kòtò àti gegele, orí wa a máa kan òrùlé mọ́tò, ọmọ yìí á máa kọrin ni, á máa ka ewúrẹ́ ojú ọ̀nà. Kò bì níbẹ̀ rí. Ẹ̀rí tó wà níwájú mi fún ọdún méjì nìyẹn.

Níbi ìdíje yẹn wọ́n lẹ ìwé mọ́ ògiri, orúkọ àwọn ọmọ láti ẹni àkọ́kọ́ dé ẹni ìkẹtàdínlógún, àwọn ọmọ ọdún mẹ́jọ, mẹ́sàn-án. Tèmi ṣe ìkẹfà. Mo rí ọmọkùnrin kan tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, ó ń fi ìka wá orúkọ ara ẹ̀ láti òkè wá, ìyá ẹ̀ dúró tì í, kò sọ̀rọ̀. Mo ti kà á lẹ́yìn ìgbà náà pé ní Norway, àwọn tó ń darí eré ìdárayá fún àwọn ọmọdé ò gbà kí wọ́n to orúkọ ọmọ lẹ́sẹẹsẹ báyìí kó tó di ọdún tó máa pé 11, orílẹ̀-èdè yẹn kan náà ló sì gba àmì ẹ̀yẹ 39 ní Òlíḿpíìkì ìgbà òtútù 2018, tí kò sí orílẹ̀-èdè tó gba tó bẹ́ẹ̀ níbẹ̀ rí títí di ìgbà yẹn. Ọmọkùnrin yẹn ló wá sí mi lọ́kàn nígbà tí mo kà á.

Mo mọ ibi tí mo ti kọ́ bí a ṣe ń ti ọmọ síwájú báyìí. Àwa ọmọ Òkun, Yorùbá tó wà ní Kogi, ìwé kíkà lẹ̀sìn wa kejì. Látìgbà tí Titcombe, òyìnbó ajíhìnrere, ti dé Ẹ̀gbẹ̀ ní 1908, tí ìjọ àti ilé ìwé ti ń wọ Yàgbà, Ìjùmú, Owé àti Bùnú, ohun tí àwọn bàbá wa rí ni pé ọmọ tó bá mọ ìwé ló ń bọ́ nínú oko. A ò ní ìjọba lọ́wọ́, a ò ní epo rọ̀bì, Ìlọrin jìnnà sí wa nígbà tí a wà ní Kwara, nígbà tí wọ́n sì dá Kogi sílẹ̀ ní 1991 ọ̀rọ̀ wa ò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Ìwé nìkan la rí dì mú. Bàbá mi, àgbẹ̀ ni wọ́n, iṣu àti kajú, wọ́n ní dókítà ni mo máa jẹ́. Wọ́n fò mí láti Pírámárì 5 bọ́ sí sẹ́kọ́ńdírì nítorí pé orí mi pé, báyìí JAMB ní ọmọ gbọ́dọ̀ pé 16 kó tó wọ yunifásítì àfi tí ọpọlọ ẹ̀ bá yàtọ̀ pátápátá, nígbà tiwa àyè ṣí sílẹ̀, ẹni tó bá kéré jù ni wọ́n ń yìn. Nígbà tí mo dé SS1 kò sẹ́ni tó bi mí kí n tó bá ara mi ní kíláàsì sáyẹ́ǹsì.

JAMB mẹ́ta ni mo ṣe fún Mẹ́dísìn. Ní gbogbo ọdún tí mo bá ti kùnà bàbá mi á ta iṣu sí i, wọ́n á san owó lẹ́sìn, wọn ò bú mi rí, wọn ò nà mí. Ìyẹn gan-an ló dè mí. Tó bá ṣe pé wọ́n nà mí ni, mi ò bá ti kígbe. Báwo lọmọ tí wọ́n ń fi owó iṣu rán lọ síbi kan ṣe máa ní ibẹ̀ ò wu òun? Mo rí èékánná bàbá mi, mo rí ẹ̀yìn wọn tó ti tẹ̀, mo ń wọ yàrá ìdánwò. Báyọ́lọ́jì ni mo padà kà, òun ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdírì títí dòní, ó ń bọ́ mi, mo dúpẹ́. Bàbá mi ti kú. Mi ò bínú sí wọn rárá, mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ ìyẹn dáadáa, nítorí pé ìṣirò tí wọ́n ṣe, ìṣirò ẹni tí kò ní àyè láti ṣàṣìṣe ni. Àmọ́ èmi ní owó oṣù, ọkọ mi ní owó oṣù, ọmọ mi ò ní sùn lébi bí kò bá mọ kíbọ́ọ̀dù lù. Kí ló wá dé tí mo ń ti ọmọ bí ẹni tí omi ń lé lẹ́yìn?

Ohun kan wà tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Ìyá mi ń hun aṣọ. Òfì tó dúró ti ògiri, èyí tí àwọn obìnrin wa fi ń hun kíjìpá, wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, ní Bùnú ni wọ́n ti máa ń hun aṣọ pupa tí wọ́n fi ń sin àwọn ọkùnrin ńlá, ìyá mi mọ díẹ̀ nínú ẹ̀, aṣọ tí a ń lò nílé ni wọ́n ń hun jù. Mo fẹ́ràn ìdí òfì yẹn ju gbogbo nǹkan láyé lọ. Mo máa ń yọ́ jókòó síbẹ̀ tí wọ́n bá lọ sóko, mo mọ bí wọ́n ṣe ń ki òwú, mo mọ bí wọ́n ṣe ń fi apasá gbá a mọ́lẹ̀, kò sẹ́ni tó kọ́ mi, ojú ni mo fi kọ́ ọ. Lọ́jọ́ kan ìyá mi bá mi níbẹ̀. Wọ́n yọ apasá lọ́wọ́ mi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, wọ́n ní, "Dìde, lọ mú ìwé ẹ, èyí kì í ṣe tìẹ." Ọmọ tó ń lọ ilé ìwé, wọn ò fẹ́ kó jókòó sídìí òfì mọ́ nígbà yẹn. Títí di òní, tí mo bá rí ẹni tó ń hun aṣọ, ọwọ́ mi a máa yún mi.

Ṣé mo máa fẹ́ràn òfì tó bẹ́ẹ̀ tó bá jẹ́ pé wọ́n ní kí n máa hun ún ní Túsìdeè, Tọ́sìdeè àti Sátidé, kí wọ́n sì gbé mi lọ sí ìdíje? Ìbéèrè yìí ti gba oorun mi. Àwọn onímọ̀ mẹ́ta kan ní Amẹ́ríkà, Mark Lepper, David Greene àti Richard Nisbett, ṣe ìwádìí kan tó jáde ní 1973. Wọ́n wá àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi tó fẹ́ràn àtimáa fi máàkà yàwòrán fúnra wọn, wọ́n sọ fún àwọn kan nínú wọn pé tí wọ́n bá yà á àwọn máa fún wọn ní sátífíkéètì tó ní ìràwọ̀ góòlù. Àwọn kan gbà á láì mọ̀ tẹ́lẹ̀, àwọn kan ò gba nǹkankan. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, nígbà tí wọ́n dá máàkà padà fún wọn tí kò sí ẹ̀bùn kankan mọ́, àwọn tí wọ́n ti ṣèlérí fún tẹ́lẹ̀ ò yàwòrán tó àwọn yòókù, bí ìdajì àkókò tí àwọn tó kù lò ni wọ́n lò. Ohun tí ọmọ fẹ́ràn tẹ́lẹ̀ ni o. Wọ́n sọ ọ́ di iṣẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Bàbá wọn ò kọ́kọ́ gbà fún mi nígbà tí mo mú ọ̀rọ̀ yìí wá. Ó ń ta ṣẹ́ẹ̀sì lórí fóònù ẹ̀ lóròòru, torí náà Judit Polgár ló kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ẹ̀, ọmọ Họ́ńgárì tí bàbá ẹ̀ ti pinnu pé ọmọ òun máa ta yọ kí wọ́n tó bí i, tó di grandmaster, oyè àwọn ọ̀gá nínú ṣẹ́ẹ̀sì, ní 1991 nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 15, tó sì ń ta á títí di 2014. Ó ní ta ló ń bi í pé ṣé ó wù ú? Mo ní Andre Agassi ńkọ́, tí bàbá ẹ̀ gbé ẹ̀rọ tó ń ju bọ́ọ̀lù tẹníìsì síwájú ẹ̀ láti kékeré, tó gba ife Grand Slam mẹ́jọ, tó wá jáde sọ ní 2009 pé òun kórìíra tẹníìsì láti ìbẹ̀rẹ̀? A jọ dákẹ́. Mo wá rò ó pé àwọn méjèèjì tí a dárúkọ yìí, àwọn tó borí ni. Ẹni tí wọ́n tì tí kò borí, kò sẹ́ni tó mọ orúkọ ẹ̀ tó máa fi jiyàn.

Lẹ́yìn náà ọkọ mi sọ nǹkan kan tí mi ò gbọ́ lẹ́nu ẹ̀ rí láti ọdún tí a ti fẹ́ra. Ó ní nígbà tóun wà ní ọmọ ọdún mẹ́wàá òun ń kọ́ fèrè ní ẹgbẹ́ ọmọkùnrin ìjọ wọn, ó rẹ òun, òun sọ fún bàbá òun pé òun ò ṣe mọ́, bàbá òun ní kò burú, òun sì jáwọ́. Ó ní, "Kò sí ọjọ́ tí mo bá gbọ́ fèrè tí kì í dùn mí. Ì bá ṣe pé wọ́n nà mí lọ́jọ́ yẹn." Mi ò ní èsì fún un. Mi ò ní in títí di ìsinsìnyí. Mo mọ̀ pé ọmọdé ò lè fúnra ẹ̀ yan tébù onílọ́po, kò lè yan ìwẹ̀ òwúrọ̀ nígbà ọyẹ́, àwọn nǹkan kan wà tó jẹ́ dandan tí òbí tí kò bá ṣe dandan ẹ̀ ti fi ọmọ sílẹ̀ ni. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà, mo gbà. Ṣùgbọ́n orin, bọ́ọ̀lù, ijó, àwòrán, ibi tó yẹ kó jẹ́ tọmọ nìyẹn. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí Nàìjíríà ṣe ní 2003 pàápàá kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọmọ ní ẹ̀tọ́ sí ìsinmi àti eré. Eré ni wọ́n pè é o.

Ibi tí ọwọ́ mi dé lẹ́yìn gbogbo àròjinlẹ̀ yìí ni pé kì í ṣe ọjọ́ tí ọmọ bẹ̀rẹ̀ nǹkan la fi ń mọ̀ bóyá òun ló yàn án. Bóyá ó lè jáwọ́ ni. Bóyá ó lè wá bá ọ ní àárọ̀ ọjọ́ kan kó ní Mọ́mì, mi ò ṣe mọ́, kí ojú rẹ má yí padà sí i. Tí kò bá lè sọ ìyẹn, gbogbo bẹ́ẹ̀ ni mà tó ti ń sọ látẹ̀yìn wá, tìrẹ ni.

Torí náà a pè é. Sátidé ni, lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀. Mo ní o lè fi kíbọ́ọ̀dù sílẹ̀ fún táàmù kan, láìsí lẹ́sìn, láìsí kwáyà, tí o bá fẹ́. Ó wo ojú bàbá ẹ̀, ó wo tèmi, ó pẹ́ lójú tèmi. Ó ní, "Ṣé ẹ ò ní bínú?" Mo ní rárá. Ó tún ní, "Ṣé ẹ ò ní tà á?" Mo ní a ò ní tà á. Ó dìde, ó lọ kó abọ́.

Mo fẹ́ sọ òótọ́ fún yín nípa oṣù mẹ́ta tó tẹ̀ lé e. Mo ti rò ó lọ́kàn pé tí a bá gbé ẹrù yẹn kúrò lórí ẹ̀, ohun tó wà nínú ẹ̀ gan-an máa yọ jáde, a máa rí i pé àwòrán ni, tàbí ìtàn kíkọ, tàbí nǹkan kan tó máa wú wa lórí. Kò sí nǹkankan tó yọ. Ó sùn. Ó ń ta sùwé pẹ̀lú àwọn ọmọ ilé kejì, àwọn tó kéré sí i lọ́jọ́ orí, ó ń sun kajú, ó ń dì irun àbúrò ẹ̀ tó sì ń tú u. Lọ́jọ́ kan ó jókòó sórí òkúta ẹ̀yìnkùlé láti aago mẹ́ta títí alẹ́ fi lẹ́, mo bi í pé kí lo ń ṣe níbẹ̀, ó ní kò sí. Ó le fún mi. Mo ń nu eruku kúrò lórí kíbọ́ọ̀dù lóòjọ́ kí n lè rí nǹkan fọwọ́ kàn. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wọ́n ń bi mí, ọmọ dà, ṣé ara ẹ̀ le, mo ń dáhùn pé ó ń sinmi, ọ̀nà ọ̀fun mi ń gbẹ bí ẹni tó jalè. Ìgbà yẹn ló tó yé mi bí ara mi ṣe wà nínú ọ̀rọ̀ náà tó, pé ìyìn tí wọ́n ń yin ọmọ, èmi ló ń wọ̀ lára.

Àmọ́ kò bì mọ́. A ti gba ọ̀nà Obajana lẹ́ẹ̀mejì láti ìgbà yẹn, ó sùn títí a fi dé Lọ́kọ́ja.

Tíṣà orin pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní òun fẹ́ mọ̀ bóyá kí òun fi àyè ẹ̀ sílẹ̀ fún táàmù tó ń bọ̀ tàbí kí òun fún ẹlòmíì. Mo lọ bá ọmọ níbi tó ti ń fọ ṣọ́ọ̀kì, mo jókòó sílẹ̀ kí ojú wa lè ṣe déédéé, mo sọ fún un bí tíṣà ṣe sọ ọ́. Kò wo ojú mi rárá. Ó fún ṣọ́ọ̀kì yẹn, ó sá a, ó mú ìkejì. Ó wá ní, "Ẹ jẹ́ kí n rò ó ná, Mọ́mì."

Ọmọ mi ò sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn sí mi rí láti ọjọ́ tí mo ti bí i. Mo ní kò burú. Mo ní kí tíṣà ṣe sùúrù fún wa. Ó di ọjọ́ kẹjọ lónìí, mi ò tíì bi í.